Oríkèé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ọ̀bẹ Kíká fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Ẹgàn

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ kíká lọ́jà, ojú ọ̀bẹ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Á ṣí i, á fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, á fi fá irun díẹ̀ lápá ara rẹ̀; bó bá ti fá a, owó ti jáde lápò nìyẹn. Ọlọ́jà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ kó tó pàtẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tó wà lára ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ ló rọrùn jù lọ láti tún ṣe nínú igbó. Òkúta ìpọ́nbẹ kékeré kan, omi díẹ̀, sùúrù díẹ̀, ojú tó kúnu ti mú padà. Ibi tí ẹgàn ti ń ba ọ̀bẹ kíká jẹ́ ni oríkèé rẹ̀: ibi tí irin àti èèkù ti pàdé, tí nọ́ọ̀tì àti sípíríǹgì fara pamọ́ sí, tí ìka kò tó, tí ojú kò sì rí inú rẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ń fà á kò ju omi lọ. Ìbàdàn ń rí òjò tó tó nǹkan bíi 1,300 mílímítà lọ́dún. Calabar, tí kò jìnnà sí igbó Oban, ń rí tó nǹkan bíi 3,000. Igbó Oban yìí jẹ́ apá kan Cross River National Park tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, ó sì wà lára àwọn ẹgàn tó tóbi jù lọ tó ṣẹ́ kù ní Nàìjíríà. Nílẹ̀ Yorùbá, igbó Ọmọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí ìjọba ti pààlà sí láti ọdún 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn Biosphere Reserve rẹ̀ lọ́dún 1977. Erin ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò mọ̀ pé ẹ̀wù tí a sá sórí okùn lálẹ́ lè tutù ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ewé orí igi kì í jẹ́ kí oòrùn balẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í fẹ́ dáadáa nísàlẹ̀. Omi tó bá wọ inú oríkèé ọ̀bẹ níbẹ̀ á jókòó sínú rẹ̀ títí di ọjọ́ ìpadàbọ̀, àfi bí ẹnì kan bá dìídì lé e jáde. Òógùn ọwọ́ á fi iyọ̀ kún un, omi ọsàn àti oje ìtàkùn á fi kíkan tiwọn kún un.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí a fi ọ̀bẹ kíká sí àyè rẹ̀. Nínú ẹgàn, àdá ni ọ̀gá. Àwọn aṣọ́gbó àti ọdẹ tó ń ṣíwájú àlejò wọ inú igbó kì í jáde láìmú àdá. Òun ni wọ́n fi ń la ọ̀nà, tí wọ́n fi ń gé ìtàkùn, tí wọ́n fi ń gé òpó àgọ́, tí wọ́n fi ń la igi ìdáná. Àdá Crocodile tí ilé-iṣẹ́ Ralph Martindale ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ wa. Ní Amazon, facão làwọn ará Brazil ń pe tiwọn, ilé-iṣẹ́ Tramontina tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brazil lọ́dún 1911 sì ń kó o lọ tà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Borneo, parang ni.

Nítorí náà, ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi ọlọ́jà, pé ọ̀bẹ kíká wo ló lágbára tó láti gé igi, kò yẹ kó wáyé rárá. Kò sí èyí tó tó o. Bí èèyàn bá gbé ọ̀bẹ kíká sórí igi, tó ń fi kùmọ̀ lù ú lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì oríkèé ló ń lù láìmọ̀. Oríkèé náà ló ń gba gbogbo ìlù yẹn, títí irin á fi bẹ̀rẹ̀ sí mì sọ́tùn-ún sósì bí eyín tó fẹ́ ká. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, nítorí pé lọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ní jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí mọ́.

Iṣẹ́ ọ̀bẹ kíká ni gbogbo iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí àdá kò lè ṣe láìbà á jẹ́: gígé okùn àgọ́ sí ìwọ̀n, gbígbẹ́ èèkàn, yíya ọ̀rá oúnjẹ, bíbó iṣu àti ọsàn, gígé báńdéèjì, yíyọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Irin tó gùn tó 8 sí 10 sẹ̀ǹtímítà ti tó fún gbogbo ìwọ̀nyí. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ń di ẹrù ru oríkèé láìfi iṣẹ́ kankan kún iṣẹ́. Ojú tó lọ geere sàn ju ojú tó ní eyín bí ayùn lọ: òótọ́ ni pé eléyín máa ń tètè gé okùn, ṣùgbọ́n pípọ́n rẹ̀ lórí òkúta pẹrẹsẹ nínú igbó kì í ṣe ohun tó rọrùn.

Pípa ẹja ló ń dán ọ̀bẹ kíká wò jù. Ẹ wo ẹni tó lóṣòó sétí odò, tó ń la ikùn ẹja àrọ̀. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń yọ̀ ni, ọwọ́ ẹni tó mú un náà sì ti ń yọ̀. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un nísàlẹ̀ ikùn, ó fà á lọ sọ́nà orí, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun tú sí i lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣàn gba ara irin lọ sínú ihò èèkù. Nígbà tó parí, ó fi omi ṣan irin, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó ká a. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, òórùn á ti máa jáde látinú èèkù. Bó bá wá jẹ́ irú ọ̀bẹ tí ẹ̀yìn èèkù rẹ̀ dí pa, kò sí ohun tó lè wọ ibẹ̀ lọ fọ̀ ọ́ àfi kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọ̀bẹ yìí kan náà ni wọ́n á sì tún fi bó ìbẹ́pẹ láàárọ̀. Ìdí nìyí tí èèkù tó ṣí lẹ́yìn, tí omi odò lè gba apá kan wọlé kó gba apá kejì jáde, fi níye lórí nínú ẹgàn ju èèkù tí wọ́n fi ìwo tàbí egungun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ.

Lọ́ọ̀kì ló kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀bẹ pupa kéékèèké ti Victorinox tí gbogbo ayé mọ̀ kò ní lọ́ọ̀kì. Karl Elsener ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ibach, ní Switzerland, lọ́dún 1884. Ọdún 1891 ló bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀, ọ̀bẹ àwọn ọ̀gá ológun sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1897. Sípíríǹgì kan lẹ́yìn èèkù ló ń ti irin dúró. Bí èèyàn bá fi agbára tì í lẹ́yìn, á ká. Fún ọwọ́ tó gbẹ, nínú ilé, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó tutù, tó ti rẹ̀, tó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún nǹkan, lè pàdánù ìka, ilé ìwòsàn sì jìnnà sí àárín igbó. Òǹkọ̀wé àròkọ yìí kò ṣiyèméjì níbí: ọ̀bẹ tó máa wọ ẹgàn gbọ́dọ̀ ní lọ́ọ̀kì.

Lọ́ọ̀kì pọ̀ lóríṣiríṣi, ẹrẹ̀ kì í sì í ṣe gbogbo wọn bákan náà. Èyí tó wà lẹ́yìn èèkù, irú tí Buck 110 ti Amẹ́ríkà sọ di olókìkí láti àwọn ọdún 1960, ní ihò kékeré kan tí eyín lọ́ọ̀kì ń bọ́ sí. Bí iyanrìn tàbí èérún ewé bá kún ihò yẹn, eyín kò ní wọlé tán. Ọ̀bẹ á dún, á dà bíi pé ó ti dè, bẹ́ẹ̀ ìdajì ló dè. Ó léwu ju ọ̀bẹ tí kò ní lọ́ọ̀kì rárá lọ, nítorí ẹni tó mú un dání ti fọkàn balẹ̀. Irú mìíràn ni èyí tí pẹlẹbẹ irin kan ń ta láti ẹ̀gbẹ́ èèkù wá sábẹ́ ìdí irin ọ̀bẹ láti tì í. Ojú ń rí i kedere bóyá ó ti wọlé tàbí kò tíì wọlé, igi tín-ín-rín kan sì tó láti ha ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí fẹ́ràn ohun tí ojú lè rí, tí ọwọ́ sì lè tó. Wọn kì í fi ìka wọn lé ohun tó fara sin lọ́wọ́.

Òrùka ni irú kẹta, òun ló sì mú wa dé ọ̀dọ̀ Opinel. Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀bẹ yìí ní Savoie, lágbègbè òkè ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1890. Ọdún 1955 ni Marcel Opinel fi òrùka irin kan sí ọrùn èèkù, tí èèyàn ń yí díẹ̀ kí irin má bàa ká. Kò ní eyín, kò ní sípíríǹgì, iyanrìn kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Owó rẹ̀ kò ga, ó fúyẹ́, irin Nọ́ńbà 8 rẹ̀ sì gùn tó 8.5 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó bọ́ sí ìwọ̀n tí a ń wá gan-an.

Igi èèkù rẹ̀ ló kù tó ń dani láàmú. Igi beech ni wọ́n fi ń ṣe é jù, igi yìí sì máa ń mu omi. Lẹ́yìn òjò ọjọ́ mélòó kan, ó ti wú, ó ti fún irin mọ́nú pinpin, èékánná kò sì lè fà á jáde. Àwọn ará Savoie ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Wọ́n á mú ọ̀bẹ náà dání ní kíká, wọ́n á fi ìdí èèkù kan nǹkan líle, ṣóńṣó irin á sì yọ síta díẹ̀ kí ìka lè rí i mú. Ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó tún sàn jù ni kí wọ́n ti ilé tọ́jú igi náà: kí wọ́n jẹ́ kó mu òróró linseed yó, kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì fi sáńpépà ha inú ihò èèkù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí àyè lè wà fún irin bí igi bá wú. Opinel tí wọ́n ṣe báyìí fún, tí irin rẹ̀ sì jẹ́ sítéénlẹ́ẹ̀sì dípò kábọ̀n, tó gbé wọ igbó Ọmọ, kò sì ní dójú ti ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ kíká fún ilẹ̀ olóoru tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó máa fi orúkọ igbó polówó ọ̀bẹ. Lọ́dún 1929, ìdílé Cognet ní Thiers, ìlú àwọn aṣebẹ ní ilẹ̀ Faransé, ṣe Douk-Douk fún títà ní àwọn erékùṣù Melanesia ní òkun Pàsífíìkì. Pẹlẹbẹ irin kan tí wọ́n ká po ni èèkù rẹ̀, kò sí igi tó máa wú. Ṣùgbọ́n kò ní lọ́ọ̀kì, irin kábọ̀n sì ni. Ti Okapi tún yàtọ̀: àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lọ́dún 1902 fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn nígbà náà, South Africa ni wọ́n sì ti ń ṣe é báyìí. Òrùka kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí èèyàn ń fà kí irin tó lè ká. Ọ̀bẹ mẹ̀kúnnù ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún, nítorí pé oríkèé wọn kò ní ohun púpọ̀ nínú tó lè bàjẹ́.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, kábọ̀n rọrùn láti pọ́n, ó sì máa ń mú gan-an, ṣùgbọ́n òru kan ṣoṣo nínú ẹgàn tó fún un láti dípẹtà. Lójú ọ̀bẹ, ìpẹtà kì í ṣe ohun tó yẹ ká tìtorí rẹ̀ sunkún. Ojú rí i, ọwọ́ nù ún kúrò. Nínú oríkèé ló ti ń di ọ̀ràn, nítorí ibẹ̀ ló ti ń jẹ irin láìsí ẹni tó rí i, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sì máa lọ irin mọ́ irin ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ọ̀bẹ. Ọdún 1913 ni Harry Brearley, ní Sheffield, rí i pé irin tó ní nǹkan bí ìdá 13 kúrómíọ̀mù nínú ọgọ́rùn-ún kì í tètè dípẹtà. Kúrómíọ̀mù máa ń bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe awọ tín-ín-rín kan tí ojú kò rí, awọ náà ló ń bo irin. Bí wọ́n bá họ ọ́, á tún hù padà.

Kí oníbàárà má kàn bèèrè iye kúrómíọ̀mù nìkan ṣá. Kábọ̀n máa ń gba kúrómíọ̀mù mọ́ra, kò sì ní jẹ́ kó ráyè ṣe awọ yẹn. Irin D2 ní tó ìdá 12 kúrómíọ̀mù, ṣùgbọ́n kábọ̀n inú rẹ̀ tó ìdá kan àbọ̀, nítorí náà ó ń dípẹtà bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. 12C27 ti Sweden, tó ní ìdá 13.5 kúrómíọ̀mù àti ìdá 0.6 kábọ̀n péré, fara da ọ̀rinrin ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tó lọ jìnnà jù ni H1 tí Spyderco lò fún àwọn ọ̀bẹ Salt tí wọ́n ṣe ní Seki, ní Japan: náítírójìn ló rọ́pò èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ̀n, omi òkun pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ máa ń tètè kúnu bó bá jẹ́ ojú tó lọ geere. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún un nítorí èyí. Sísá yẹn kò tọ́ fún ẹni tó ń lọ sí ẹgàn, torí ojú tó kúnu kò ju iṣẹ́ òkúta ìpọ́nbẹ lọ.

Irin ojú ọ̀bẹ nìkan kọ́ ni irin tó wà níbẹ̀ o. Nọ́ọ̀tì, sípíríǹgì, ìkọ́ tó ń mú un mọ́ àpò, gbogbo wọn ni irin, wọ́n sì lè jẹ́ irin tí kò dára tó. Àwọn ọ̀bẹ ìgbàlódé kan ní bọ́ọ̀lù kéékèèké nínú oríkèé kí irin lè máa já ṣọ̀ọ́ jáde. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n iyanrìn máa ń há sáàárín àwọn bọ́ọ̀lù náà, àwọn náà sì máa ń dípẹtà. Wáṣà idẹ pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò yá tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kì í kọṣẹ́.

Èèkù: kó jẹ́ ọ̀rá líle tí wọ́n fi òwú gíláàsì tì lẹ́yìn, tàbí irú èyí tí wọ́n ń pè ní G10, kí ara rẹ̀ rí gbàyàgbàyà kó má bàa yọ̀. Kí àwọ̀ rẹ̀ máa tàn. Dúdú àti àwọ̀ ewé ló pọ̀ jù lọ́jà, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ jọ sọ́jà. Bí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sáàárín ewé gbígbẹ, ó lọ nìyẹn. Àwọ̀ ọsàn ló dára jù. Kí ihò okùn wà nídìí rẹ̀.

Ọlọ́jà tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú bí oníbàárà bá fẹ́ dán ọ̀bẹ wò kó tó sanwó. Kí ó kọ́kọ́ ṣí i jẹ́jẹ́, kó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó wo inú oríkèé bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí ó di irin mú ní ẹ̀gbẹ́, kó di èèkù mú lọ́wọ́ kejì, kó mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ mì. Kí ó rin ọwọ́ sínú omi, kó tún ṣí i, kó tún ká a, kó fi ọwọ́ òsì náà ṣe é, nítorí ọwọ́ ọ̀tún lè ṣèṣe nínú igbó. Lẹ́yìn náà, kó fi ẹ̀yìn irin, ìyẹn ibi tí kò mú, tẹ tábìlì pẹ̀lú agbára díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ìka rẹ̀ sì wà lẹ́yìn òde ibi tí irin lè ká gbà. Bí lọ́ọ̀kì bá yẹ̀ lórí tábìlì, á yẹ̀ nínú igbó. Kó wo nọ́ọ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó ṣeé tú dára ju èyí tí wọ́n lù pa lọ, kí ohun èlò tó ń tú u sì wà nínú ẹrù.

Alaalẹ́ ni ìtọ́jú. Kí wọ́n fi omi tó mọ́ ṣan oríkèé ní ṣíṣí, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí ooru iná ti ń tó o díẹ̀, kì í ṣe sínú iná, nítorí iná líle máa ń ba líle irin jẹ́. Òróró ẹ̀kán kan ló kù. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn télọ̀ ń lò ń wọ inú oríkèé dáadáa, ṣùgbọ́n kò yẹ fún ọ̀bẹ tó ń kan oúnjẹ. Òróró tí wọ́n ṣe fún ohun èlò oúnjẹ ló yẹ fún irú ìyẹn. Epo pupa ń lẹ̀, ó ń kó ìdọ̀tí jọ, èèrà á sì bá a wá. Òróró àgbọn náà máa ń dì bí òtútù òru bá dé. Ẹ má sì fi ọ̀bẹ sínú àpò awọ. Awọ máa ń mu omi, ó ń bu, ó sì ń fi omi náà ra ọ̀bẹ lára mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ òfin kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ti ìlú ọba wá sílé gan-an. Òfin Criminal Justice Act ti ọdún 1988 gbà kí èèyàn mú ọ̀bẹ kíká rìn níta bí ojú rẹ̀ kò bá ju ínṣì mẹ́ta lọ, ìyẹn nǹkan bíi 7.6 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti là á yé wa pé ààyè yìí kò kan ọ̀bẹ tó ní lọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá mú irú èyí tí àròkọ yìí yìn dání ní Peckham níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó ṣe gúnmọ́. Kó wé e, kó tì í sísàlẹ̀ àpótí láti ilé, kó sì rí i pé àpótí tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ bàálù ló wà, nítorí wọn kò ní gbà á wọlé pẹ̀lú èrò. Nílé, lójú ọ̀nà tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, ibi tó dára jù fún un ni inú ẹrù, pẹ̀lú okùn àti àgọ́, kì í ṣe ìdí ṣòkòtò. Ọ̀bẹ tó ń ta jáde fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kà á léèwọ̀ pátápátá, kò sì sí ohun tí ẹni tó ń lọ sí ẹgàn fẹ́ fi ṣe: sípíríǹgì tó ń ta á yẹn tún jẹ́ irin kan sí i nínú oríkèé tí ọ̀rinrin máa jẹ.